Ikú Pa Ìyá Máàkì ní Píríọ́ọ̀dù Karùn-ún

Ife-ẹ̀yẹ tí ilé-ìwé fẹ́ fi dá akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù lọ lọ́lá lọ́dún náà ni wọ́n fi fọ́ Ìyá Máàkì lórí. Irin dídán ni òkè rẹ̀, òkúta ni ìdí rẹ̀, ìdí òkúta yẹn ni apànìyàn sì lò. Kò lù ú lẹ́ẹ̀kan, kò lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ta sára ògiri, ó ti ta sára kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò sí, ó sì ti rin àwọn ìwé máàkì orí tábìlì débi pé èèyàn ò lè ka orúkọ ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin náà. Ìyá Máàkì ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí máàkì tí tíṣà lè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá kó tó dé ara ògiri. Ó ti lo ogún ọdún ó lé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Inú yàrá kékeré tó ń kó ìwé ìdánwò sí ló kú sí, lójú ọ̀sán, tí ilé-ìwé kún fọ́fọ́, tí àwọn kíláàsì sì ń pariwo ìwé kíkà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan.

Aago ìsinmi ń lù lọ́wọ́ nígbà tí igbe ta nínú yàrá náà. Àwọn tó sáré débẹ̀ bá Ọmọ Télọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà lọ́dún àṣekágbá. Orí òkú wà lórí itan rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti mu yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ gbingbin. Ta ló tún fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀? Wọ́n ní àwọn ti ká ọ̀ràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnìkan gbá a létí. Ẹlòmíì fi bàtà tẹ ọwọ́ tó fi di ife náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí egungun fi dún. Wọ́n wọ́ ọmọ náà jáde sí pápá, wọ́n ń fi òkúta àti ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì lù ú. Tí kì í bá ṣe pé ọlọ́pàá tètè dé, òkú méjì ni wọn ì bá gbé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó gba ọmọ náà sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Má-kàánjú. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí i kó sáré rí àyàfi lọ́jọ́ yẹn. Ó fi èjìká gba òkúta méjì kó tó débẹ̀, ó sì bo ọmọ náà mọ́lẹ̀ bí àgbébọ̀ adìẹ ṣe ń bo ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó bá tún ju ẹyọ òkúta kan," ó ní, "òun ni n ó tì mọ́lé lónìí. Mi ò ní béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ń sunkún, ẹ má sì rò pé ẹkún ẹ̀tàn ni. Wọ́n fẹ́ràn ìyá tó kú náà, ìyẹn gan-an ló sọ wọ́n di ẹhànnà.

* * *

"Ẹjọ́ ti parí," ni Ọ̀gá Tésàn wí nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́ ọlọ́pàá. "Wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri lánàá. Ọmọ rí i pé ipò kejì lòun mú, inú bí i, ó lọ bá ìyá náà, ó sì pa á. Kí ló tún kù?"

"Ó ku ẹni tó pa á, sà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò lè ṣe kó o má fa nǹkan gùn." Ọ̀gá Tésàn wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀sán ọ̀la ni mọ́tò máa gbé e lọ sílé-ẹjọ́, láti ibẹ̀ ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Tó o bá ní ohun tó o fẹ́ sọ, sọ ọ́ kó tó dìgbà yẹn."

Má-kàánjú mọ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà dáadáa. Ó mọ ọmọbìnrin kan tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé, tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì délẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tí kò sì rántí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé wọ ibẹ̀, ó dìgbóṣe. Ó lọ sí àtìmọ́lé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Ọmọ Télọ̀.

Ojú òsì ọmọ náà ti dí pátápátá. Nọ́ọ̀sì ti fi pátákó pẹlẹbẹ méjì àti aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àmọ́ àwọn ìka tó yọ síta ti wú, wọ́n sì ti dúdú.

"Kí ló gbé ọ dé yàrá yẹn?"

"Màmá ló ní kí n wá, sà. Nítorí máàkì ìṣirò mi ni."

"Kí ló ṣe máàkì ìṣirò rẹ?"

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mo gbà. Tíṣà Ìṣirò kó ìwé wa fún wa, a wò ó, a ṣe àtúnṣe, wọ́n sì gbà á padà. Àmọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo rí lára ògiri. Mo lọ sọ fún Màmá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn á wá ìwé náà jáde, àwọn á sì pe Tíṣà kó wá ṣàlàyé, pé kí n wá gbọ́ àbọ̀ tí ìsinmi bá kù díẹ̀."

"Níbo lo wà ní píríọ́ọ̀dù karùn-ún?"

"Láíbìrì, sà. Kíláàsì Funfun ni mo wà, àkókò ìwé kíkà wa ni."

"Ó dáa, kí lo bá nígbà tó o débẹ̀?"

"Wọ́n ṣì ń mí. Ó ń dún hòrò lọ́fun wọn. Ife yẹn há sábẹ́ ọrùn wọn, mo fà á yọ kí n lè gbé orí wọn sókè. Ẹ̀jẹ̀ ara ife náà ti ń ki. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, sà, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú. Ìgbà tí wọ́n jọ̀wọ́ mi ni mo pariwo."

Má-kàánjú ò tíì gbàgbọ́, àmọ́ ara rẹ̀ ti ń sọ fún un pé òótọ́ ni. "Ta ló lè jẹ́rìí sí i pé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lo gbà?"

"Mọ́mì mi, sà. Òfin ilé-ìwé wa ni. Máàkì tó o bá gbà, wàá kọ ọ́ sókè ìwé àtúnṣe rẹ, òbí á sì buwọ́ lù ú."

Kò nílò àtiwá Ìyá Télọ̀ lọ sílé. Obìnrin náà wà níta àgọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú oòrùn. Ó ti gbé ìwé àtúnṣe náà wá. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún wà lókè ojú ewé, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

"Ọ̀gá, mo fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì tọ́ ọmọ yìí," ó ní. "Bàbá rẹ̀ ti kú. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni n ó máa jí ṣe?"

Má-kàánjú mú ìwé náà, ó padà sí ilé-ìwé, ó sì ka ìwé ìdánwò ìṣirò inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mẹ́tàléláàádọ́rin ni ìwé tó bá. Ti Ọmọ Télọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀, wọn ò sì bá a lára ọmọ náà nígbà tí wọ́n mú un.

"Ó lè ti gbé e mì," ni Ọ̀gá Tésàn wí lórí fóònù.

"Ojú ewé mẹ́jọ, sà?"

Ọ̀gá Tésàn já fóònù náà.

* * *

Dókítà tó yẹ òkú wò ò fọ̀rọ̀ gùn. "Ìyá yìí jà," ó ní. "Ó jà gan-an. Eyín rẹ̀ kan kán, òwú aṣọ funfun sì há sáàárín àwọn tó kù. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ìyá náà ti bu ẹni tó pa á jẹ kó tó kú."

"Níbo?"

"Ibi tí ẹran wà. Ẹ wá a lọ."

Má-kàánjú ní kí ọlọ́pàá obìnrin yẹ gbogbo ara Ọmọ Télọ̀ wò. Ojú ọgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, òkúta àti bàtà ló sì ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ojú eyín kankan.

Ta ló tún wà tí kò sí ní kíláàsì ní píríọ́ọ̀dù karùn-ún? Akọ̀wé ilé-ìwé ní òun gbé omi fún Ìyá Máàkì nígbà tí píríọ́ọ̀dù náà bẹ̀rẹ̀, ó sì dá òun lóhùn. Àárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n pa á. Gbogbo tíṣà ló ní kíláàsì. Ẹni kan ṣoṣo tó ń rìn káàkiri ni Awakọ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọkùnrin gàgàrà kan tí Ìyá Máàkì ti kọ̀wé ẹ̀sùn nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì ti búra lójú gbogbo èèyàn pé òun á fojú ìyá náà rí nǹkan.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni Má-kàánjú bá a. Báńdéèjì wà lápá rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá?"

Dípò kó dáhùn, Awakọ̀ ju sípánà. Orí Má-kàánjú yẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ò yẹ̀ é. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ nímú rẹ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá kékeré tó tẹ̀ lé e fi kóńdó gbá Awakọ̀ lórúnkún, ọkùnrin náà ṣubú lulẹ̀ gbì, Má-kàánjú sì jókòó lé e láyà pẹ̀lú gbogbo ikùn rẹ̀. Ó tú báńdéèjì náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wo apá ọ̀hún.

Omi gbígbóná ló bó o. Awọ ibẹ̀ ti ṣí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àmọ́ kò sí ojú eyín.

"Rédíétọ̀ ni," ni Awakọ̀ ń ké. "Rédíétọ̀ bọ́ọ̀sì ló tú sí mi lára. Mekáníìkì méjì ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé kí igbe tó ta. Mo rò pé ẹ̀sùn tí ìyá yẹn kọ lẹ wá mú mi fún ni."

"Ìyẹn lo ṣe fẹ́ fi sípánà la orí mi?"

"Ẹ má bínú, sà."

Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní òótọ́ ni, àtìgbà tí píríọ́ọ̀dù karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ ló ti wà lọ́dọ̀ òun títí igbe fi ta. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Má-kàánjú fi yìnyín sí imú rẹ̀, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń ronú nípa ìwé ìdánwò kan ṣoṣo tó sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà ò fara sin púpọ̀, ká má tan ara wa. Ta ló mú ipò kìíní nígbà tí wọ́n gba ọgbọ̀n máàkì lọ́wọ́ Ọmọ Télọ̀? Kápúténì Kíláàsì Pupa ni. Ta ni bàbá Kápúténì? Tíṣà Ìṣirò ni. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ mímọ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀rí ọ̀tọ̀.

* * *

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà Ìṣirò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó de bọ́tìnnì apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ti sunkún.

"Píríọ́ọ̀dù karùn-ún? Mo wà ní Kíláàsì Pupa. Ẹ wo táìmù-tébù. Kí ẹ tún lọ wo ìwé àwọn ọmọ."

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí Ọmọ Télọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, ọmọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ tó buwọ́ lù ú, ṣé ó mọ ìṣirò kọjá ti aṣọ rírán?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí Má-kàánjú nínú, torí ìyá tiẹ̀ náà ò mọ̀wé. Ó gbé e mì. Ó lọ sí Kíláàsì Pupa, ó kó ìwé ìṣirò àwọn ọmọ jọ, gbogbo mẹ́tàdínlógójì. Nóòtì ojú ewé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lórí òbìrìkìtì, ọjọ́ àná ni wọ́n kọ sí i, kò sí ìwé kan tó dín, kò sí ìwé kan tó lé.

"Ṣé Tíṣà fún yín ní nóòtì yìí ní píríọ́ọ̀dù karùn-ún àná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Kápúténì wà ní ìjókòó iwájú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó ṣánṣán. Òun nìkan ni kò dáhùn pẹ̀lú wọn. Má-kàánjú rí i, àmọ́ bàbá ọmọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì fẹ́ da ìbéèrè bo ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ lójú bàbá rẹ̀.

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ó jáde síta, ìrètí rẹ̀ ti ń pin. Tí tíṣà bá wà ní kíláàsì lójú ọmọ mẹ́tàdínlógójì, kò lè máa pa èèyàn níbòmíì. Ó ń ronú bó ṣe máa sọ fún Ìyá Télọ̀.

Ẹ̀yìn kíláàsì náà ló ti bá àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fi àdá gé koríko, òógùn bò wọ́n. Ọ̀kan sanra, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ rárá.

"Kí lẹ ṣẹ̀?" Má-kàánjú bi wọ́n. "Ilé-ìwé yín ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin ń gé koríko."

"Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá, sà," ni ọmọ tó sanra fèsì. "Tíṣà oníbàáwí ní òkú ò ní kí wọ́n dárí jì wá. Ariwo la pa, Kápúténì bá kọ orúkọ wa. Mo tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ o, tèmi ló kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fa ìlà síwájú orúkọ mi."

"Kápúténì yín ò mojú, àbí?"

"Kò mojú rárá, sà. Tó bá jẹ́ bàbá ẹ̀ ló pariwo, á kọ ọ́."

Má-kàánjú rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Nígbà tó wà nílé-ìwé, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń wà lókè àkọsílẹ̀ àwọn aláriwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó mọ àkọsílẹ̀ yẹn bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí kápúténì láyé tó ń kọ orúkọ aláriwo nígbà tí tíṣà bá wà ní kíláàsì. Kí ló fẹ́ kọ ọ́ fún? Tíṣà ló máa na ẹni tó bá pariwo. Ọjọ́ tí kò bá sí tíṣà nìkan ni kápúténì máa ń mú bébà àti bírò.

Ó yíjú padà. "Ìgbà wo lẹ pariwo ọ̀hún?"

"Lánàá, sà. Píríọ́ọ̀dù karùn-ún."

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa. Tíṣà wọlé, wọ́n fún Kápúténì ní ìwé ńlá wọn pé kó máa kọ nóòtì sójú bọ́ọ̀dù fún wa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìgbà tí aago fẹ́ lù ni wọ́n padà. Wọ́n ti wọ kóòtù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí sítááfù-rúùmù lé ṣẹ́ẹ̀tì wọn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nínú kíláàsì?"

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. "Ẹ ò bi wá, sà," ni èyí tó sanra wí. "Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Gbogbo tíṣà ló ń ṣe é."

Inú bí Má-kàánjú sí ara rẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á sí ohun tó yẹ ká sọ.

* * *

Ọ́fíìsì Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ti bá Tíṣà sọ ọ́. Aago mọ́kànlá ti lù.

"Àwọn ọ̀lẹ mẹ́ta tó ń gé koríko," ni Tíṣà wí. "Àwọn lẹ fẹ́ gbà gbọ́ jù mí lọ? Ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ sọ̀rọ̀ o. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà níbí."

Ọ̀gá ilé-ìwé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ pe ọmọ mi," ni Tíṣà wí. "Ẹ pè é. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ pé kì í purọ́."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fọmọ sílẹ̀," ni Má-kàánjú dá a lóhùn. Ó ń bẹ̀ ẹ́ látọkànwá. "Ẹ kàn bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín, ká wo apá yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wá síbí."

Àmọ́ Tíṣà ti yọjú lójú fèrèsé, ó sì ti pè é. Ìgbéraga ló ṣe é, tàbí kó jẹ́ pé ó gbà lóòótọ́ pé ọmọ tòun ò lè já òun kulẹ̀. Kápúténì wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìwé kékeré tó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ fún wọn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Níbo ni mo wà ní píríọ́ọ̀dù karùn-ún?"

Ọmọ náà ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n ń ka ìlọ́po ní kíláàsì ìsàlẹ̀.

"Mo ní kó o sọ fún wọn."

"Mi ò mọ̀, Dádì." Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ kò gbọ̀n. "Ẹ ní ẹ ń bọ̀. Mo kọ nóòtì tán, mo kọ orúkọ àwọn aláriwo mẹ́ta, ẹ ò tíì dé. Ìgbà tẹ́ ẹ dé, ẹ wọ kóòtù. Ẹ ò wọ kóòtù lọ." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àná tá a délé, ẹ sun ṣẹ́ẹ̀tì yín àti ìwé ìdánwò kan lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé tí n ò bá béèrè, kò ní jẹ́ òótọ́."

Tíṣà fò mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó rò pé ó lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó fà á ya, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá ọmọ náà létí. Orí ọmọ náà lọ kọlu kọ́bọ́ọ̀dù irin, ẹ̀jẹ̀ yọ létí rẹ̀, ó sì ṣubú. Bàbá rẹ̀ tún gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ yẹn ni Má-kàánjú gbá mú. Àwọn méjèèjì yí lulẹ̀ pẹ̀lú àga. Tíṣà fi ìgúnpá gún un nímú tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, àmọ́ kò fi ọkùnrin náà sílẹ̀ títí ọlọ́pàá kékeré fi kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Apá ṣẹ́ẹ̀tì ti ya nínú ìjà náà. Ojú eyín Ìyá Máàkì wà lókè ìgúnpá rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, ó ti ń kẹ̀.

"Ó ní òun máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sáwọn aláṣẹ," ni Tíṣà wí, ó ń mí gúlegúle. "Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn, ó ń wo ìwé ọmọ télọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀. "Tìtorí ẹ ni mo ṣe é. Ṣé o gbọ́? Kó o lè gba ife yẹn."

"N ò rán yín," ni ọmọ náà wí. "Ipò kejì tẹ́ mi lọ́rùn, Dádì. N ò rán yín."

* * *

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí Ọ̀gá Tésàn buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ Télọ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó wà nínú pátákó, ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tí kò dùn ún. Kò rí i. Dókítà ti sọ pé ìka méjì nínú rẹ̀ lè má tẹ̀ mọ́. Ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kápúténì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òwú wà létí rẹ̀, báàgì ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, àmọ́ kò lọ. Nígbà tí Ìyá Télọ̀ rí i, gbogbo ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ," ó ní. "Wo ọwọ́ ọmọ mi. Bàbá ẹ sùn sílé lánàá, ọmọ mi sùn sórí símẹ́ńtì pẹ̀lú egungun tó fọ́. Ìwọ náà sì mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀ láti àná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo mọ̀."

Ìyá Télọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Má-kàánjú sún mọ́ ọn, àmọ́ ọmọ náà ò yẹra, ó kàn di ojú. Ọwọ́ ìyá náà wà lókè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sí kọ́là ọmọ náà.

"Ta ló lù ọ́ báyìí?"

"Bàbá mi, mà."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, mà. Èmi àti Dádì nìkan ló wà nílé."

Ìyá Télọ̀ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó pòṣé, ó ró ìró rẹ̀ mọ́dìí dáadáa, ó sì wo ọmọ tirẹ̀. Ọmọ Télọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"N ò tíì dárí jì ẹ́ o," ni Ìyá Télọ̀ wí fún Kápúténì. "Kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbé báàgì yẹn, ká máa lọ."

Wọ́n jáde sínú oòrùn, ìyá náà láàárín, ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ò wo ara wọn. Má-kàánjú dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n lọ títí wọ́n fi yà sí kọ́nà, imú rẹ̀ ń ro ó, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.